Búrẹ́dì Tí Mo Fọwọ́ Mi Pò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Àlùbọ́sà lójú, kẹrosíìnì ní àtẹ́lẹsẹ̀, irin lẹ́nu. Bí mo ṣe jí nìyẹn. Mo ń wo àjà, mo rò pé ilé bàbá mi ni mo wà, àfi ìgbà tí mo rí abẹ́ tábìlì tí a ti ń po fúláwà lókè orí mi. Màmá, ìyá ọkọ mi, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi etí aṣọ bo imú. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mò ń pè ní Arẹwà, ti gun orí àpótí bí ẹni tó rí ejò. Oníná, bàbá tó ń bá wa dáná ààrò búrẹ́dì, ṣì di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú.

"Ìyàwó, ṣé ìwọ nìyẹn?" Màmá bi mí.

"Èmi ni, Mà."

"Ìwọ wo?"

Mo fi ahọ́n wá inú ẹnu mi. Eyín iwájú kan ti kán. Arẹwà ní ṣíbí ni wọ́n fi la ẹnu mi kí n má baà gé ahọ́n jẹ. Mo sì ti gé e jẹ náà. Abẹ́ aṣọ mi tutù, mi ò sì lè dìde níwájú Oníná.

Láti ilé ẹ̀kọ́ ni nǹkan yìí ti ń gbé mi ṣánlẹ̀. Tíṣà ní kí n máa lọ sílé títí ara mi á fi yá, kò sì sẹ́ni tó pè mí padà. Nígbà tó yá ó fi mí sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, mo rò pé ó ti tán. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi kí a tó fẹ́ra. Ó ní kò sí wàhálà, òun á sọ fún ìyá òun.

Màmá da gbogbo fúláwà tí mo ti pò sínú gọ́tà. Mi ò ṣubú lé e, mi ò tutọ́ sí i. Ó ṣáà jẹ́ pé ọwọ́ mi ti kàn án ni. Fúláwà sì tún ti gbówó lórí. Ó sọ ìyẹn náà kí n lè gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Arẹwà ti yọ ife mi kúrò láàárín tiwọn. Orí fèrèsé ló gbé e sí, ó dá dúró bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì.

"Ìyàwó, má bínú o. Itọ́ yẹn ni wọ́n ní ó máa ń ranni."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ìríra rẹ̀ bò mí débi pé mi ò lè mu omi inú ife náà.

Mo bi ọkọ mi pé ṣé ó ti sọ fún wọn. Ó ń họ orí.

"Mo fẹ́ sọ ọ́."

"Nígbà wo?"

"Mo ṣáà fẹ́ sọ ọ́ ni."

Ẹni tó lè fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì la àárín mọ́tò kọjá láìbẹ̀rù! Ẹnu lásán ló ń bà á lẹ́rù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Èmi náà wà níbẹ̀, lórí ìjókòó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò fúláwà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọjú sí mi.

Màmá ní iná ààrò ló ń pe àìsàn náà, torí pé iwájú ààrò ló ti gbé mi. Oníná ní òótọ́ ni, òun náà mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé bó bá ti wo iná ló ń ṣubú. Màmá tún ní bí àwọn oníbàárà bá gbọ́ pé oníwárápá ló ń po búrẹ́dì wọn, kí a kúkú ti ilẹ̀kùn, kí a lọ máa ta èédú.

Nítorí náà, mi ò gbọdọ̀ súnmọ́ ààrò mọ́, mi ò sì gbọdọ̀ yọjú sí káńtà. Òru ni n ó máa po fúláwà, nígbà tí iná kò tíì jó tí oníbàárà kò sì sí. Kí n máa sùn lọ́sàn-án.

"Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?" ni Màmá wí.

Mo kúnlẹ̀. Mo dúpẹ́. Àní, mo dúpẹ́! Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, orúnkún mi ni ó ń rí mi lára.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Òòrùn gba ojú fèrèsé wọlé tààrà sórí ibùsùn. Wọ́n ń ju agolo búrẹ́dì lu ara wọn nísàlẹ̀, Arẹwà ń kọrin, eṣinṣin ń wá ibi eyín mi tó kán. Mo di ojú, ojú kò dì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ó tún gbé mi. Lórí ibùsùn ni, ní ìyálẹ̀ta, ọkọ mi nìkan ló rí i. Mo jí, mo rí i tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tó kó sínú fúláwà. Mo ti tọ̀ sára tìmùtìmù. Ìtìjú mú mi, mo kọjú sí ògiri. Ìyàwó oṣù méjì! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì jẹ́ kó rí irun mi láìdì.

Ó gbé tìmùtìmù náà jáde fúnra rẹ̀, ó gba iwájú ìyá rẹ̀ kọjá, ó fọ̀ ọ́ létí kànga, ó sì sá a. Kò fọwọ́ bo imú.

Màmá bi í pé kí ló dé. Ó ní omi ló dà sí i. Ẹ gbà mí! Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ gbá a létí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ilé ìwòsàn. Ọkọ mi ló mú mi lọ, ó ní kí n má sọ fún Màmá.

Èrò pọ̀, gbogbo ibẹ̀ ń rùn fún ìzàl tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ àti òógùn ara. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ dání, ojú iná wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná kó lè jí! Ìyá náà ń fi aṣọ bò ó, bí aṣọ náà bá sì ti yẹ̀ á tún bò ó. Kẹrosíìnì tèmi kúkú sàn.

Dókítà bi mí ní ìbéèrè, ó kọ oògùn, ó ní àwọn á fi ẹ̀rọ wo orí mi bí ààyè bá yọ. Nọ́ọ̀sì ló wá jókòó tì wá. Àgbàlagbà ni, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sí iwájú orí, ó sì ń wá a káàkiri orí tábìlì. Ó ní kí n la ẹnu.

"Ta ló fi ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu? Ṣé o ní ebi ń pa ọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí eyín mi ti kán, mi ò tíì rẹ́rìn-ín.

Ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní ọpọlọ a máa fi iná ránṣẹ́ sí ara, bí iná inú wáyà, díẹ̀díẹ̀, létòlétò. Nígbà míì iná náà á ṣèèṣì tàn níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló ń gbọn èèyàn jìgìjìgì. Kì í ṣe ẹ̀mí kankan, kì í ṣe èpè, kì í ran ẹnikẹ́ni. "Bó bá jẹ́ pé itọ́ ló ń ranni ni, èmi tí mo ti ń nù ún láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kí ni ì bá ti ṣẹ́kù nínú mi?"

Ó ní bó bá tún gbé mi, kí wọ́n kó ohun tó gbóná àti ohun tó mú kúrò nítòsí, kí wọ́n fi nǹkan tó rọ̀ sábẹ́ orí mi, kí wọ́n yí mi sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Kí wọ́n má dì mí mú, kí wọ́n má ki ohunkóhun bọ ẹnu mi. Kí wọ́n wo aago: bó bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí bó bá tún mú mi kí n tó jí, kí wọ́n gbé mi wá kíá.

Oògùn náà, hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ tó ń lò ó bó ṣe yẹ ni kì í ṣubú mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jáwọ́ lójijì, àìsàn náà á padà tìbínú-tìbínú.

Ìtìjú fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo béèrè bóyá mo lè bímọ.

"Kí ló dé tí o ò fi lè bímọ? Ṣùgbọ́n wá sọ fún wa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, kí dókítà lè wo irú oògùn tó bá oyún mu."

Ọkọ mi ń ka àwòrán ara ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òòyì oògùn yìí ń kọ́ mi lójú. Mo ń po fúláwà, tábìlì ń rìn. Oníná ní, "Ìyàwó, ṣé ọtí ni wọ́n fún ọ lọ́sibítù? Sọ ibẹ̀ fún mi kí n lọ." Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé gbogbo ilé ti mọ̀ pé a lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ẹ̀ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan. Mi ò fo oògùn kankan, mo búra.

Màmá ní ṣé mo ti rí i báyìí. Ó gbé ìgò kan jáde lábẹ́ aṣọ. Ọwọ́ ọkùnrin tó ń ta oògùn nínú ọkọ̀ ló ti rà á. Ìgò kan náà ń wo wárápá, jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹ̀yìn dídùn, ó kù díẹ̀ kó wo gbèsè. Omi dúdú ni, ohun kan tó dà bí irun ń léfòó nínú rẹ̀, ó ń rùn bí omi tí wọ́n fi ẹran tó ti bàjẹ́ sí fún ọ̀sẹ̀ kan.

"Mu ún. Bí o bá fẹ́ràn ọmọ mi, mu ún."

Mo wo ọkọ mi. Ó wo ìgò náà. Mo mu ún.

Ó lọ, ó padà. Ó gba imú mi jáde. Mo bì títí n kò fi ní ohun tí mo lè bì mọ́, oògùn ìrọ̀lẹ́ mi sì bá a lọ. Màmá ń pàtẹ́wọ́ pé àìsàn náà ló ń jáde yẹn. Arẹwà sá jáde. Òórùn yẹn ṣì wà ní ọ̀nà ọ̀fun mi, ó wà lára bíbélì mi, ó wà lára ìwé tí mò ń kọ yìí. N kò ní mu ún mọ́. Kí wọ́n fi mí sẹ́yìn odi, n kò ní mu ún mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Nọ́ọ̀sì tú àpò oògùn mi, ó kà á, ó ní mo ń lò ó dáadáa. Ó wá wo abẹ́ ojú mi.

"Ìgbà wo lo ń sùn?"

Mo wo ọkọ mi. Òun náà ń wò mí.

"Ìwọ ni mò ń bi. Àbí àpò fúláwà ni mo gbé jókòó síbí?"

"Lọ́sàn-án, Mà," ni mo wí. "Bí wọ́n bá jẹ́ kí n sùn."

"Òru ńkọ́?"

"Mò ń po fúláwà."

"Láti ìgbà wo?"

Ọkọ mi ló wá sọ gbogbo rẹ̀: ààrò, oníbàárà, ìpàdé, orí tí wọ́n pa pọ̀ láti fi mí sí iṣẹ́ òru kí iná má baà pe àìsàn mi. Nọ́ọ̀sì bọ́ gíláàsì, ó nu ojú. Mo rò pé ẹ̀rín ni.

"Àìsùn! Òun gan-an ni oúnjẹ wárápá. Bí ẹ bá wá gbogbo ayé, ẹ ò lè rí ibi tó burú fún un tó ibi tí ẹ fi í sí. Iná ààrò ò ṣe é ní nǹkankan, bó bá ti lè jìnnà sí i kó má ṣubú lé e. Òru ẹ̀ lẹ kó tà. Àti oògùn inú ìgò yẹn, ẹ bá mi gbé e wá, mo fẹ́ fi pa eku."

Nígbà tí a ń padà, òjò bẹ̀rẹ̀. A dúró sábẹ́ páànù ìsọ̀ kan. Ọkọ mi ní, "Mi ò mọ̀." Mo ní, "Ẹ ò béèrè." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo ti fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bò mí.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Ó sọ ọ́. Ojúkojú. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Màmá ní, "Ta ló wá fẹ́ po fúláwà lóru? Ìwọ tí o máa gbé kẹ̀kẹ́ láàárọ̀?"

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo ní bí a bá dín ìwúkàrà kù sí ìdajì, kí a pò ó ní ìrọ̀lẹ́, kí a bò ó síbi tó tutù, á máa wú díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ ọ. Oníná ní kò burú, òun náà á rójú sùn. Màmá ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Nígbà kan, mo gbàgbé ìyókù kan síta, mo sì rí bó ṣe dà láàárọ̀.

Ó ní kí a gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n káńtà? Láéláé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù keje

Mo sùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Búrẹ́dì náà rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èèpo rẹ̀ sì ń dún bí a bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tà á tán kí òòrùn tó mú. Òòyì oògùn kò kọ́ mi lójú mọ́. Kò tíì gbé mi láti ìgbà ìgò yẹn.

Mo gbé ife mi padà sáàárín tiwọn. Arẹwà gbé e padà sórí fèrèsé. Mo tún gbé e padà. Ọwọ́ wa ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀rọ̀ mi ti jáde síta. Arẹwà sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọ̀rẹ́ náà ní ẹnu. Àwọn kan ń gba òdìkejì títì kọjá báyìí. Búrẹ́dì ṣẹ́kù. Màmá ránṣẹ́ pe ìyá mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìyá mi dé. Mo rò pé tèmi ló máa ṣe. Ó gbá mi mọ́ra, ó sunkún, ó wá ní kí n ká aṣọ mi, kí n bá òun lọ sílé "títí á fi lọ pátápátá." Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kí a má jẹ́ kó tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn àbúrò mi tí wọn ò tíì relé ọkọ.

Ìyá tèmi! Òun àti Màmá ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń pín mi bí ẹrù. Màmá ní ẹ̀yìnkùlé ni kí a gbà lọ́la kí àwọn oníbàárà má baà rí wa. Ìyá mi ní ọgbọ́n nìyẹn.

Ọkọ mi jáde nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Kò wọlé títí mo fi gbé oògùn ìrọ̀lẹ́ mi mì. Mo po fúláwà ti ọ̀la, mo bò ó dáadáa. Èmi ò mọ ìdí tí mo fi bò ó dáadáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìyá mi ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti àárọ̀, ẹrù mi wà lórí rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n mu omi. Ibi tí mo ti ń mu ún, aṣọ ìkélé nìkan ló wà láàárín èmi àti káńtà.

Káfíńtà tó máa ń ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn kan tò sẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Màmá, búrẹ́dì yín dùn sí i lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí o. Ta ló ń pò ó?"

"Èmi náà ni. Èmi ni mo dá ọgbọ́n kan sí i."

"Wọ́n tún ní ẹnì kan wà níbí tí wárápá ń ṣe?"

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́? Ah, a ti lé e. Kò fọwọ́ kan nǹkankan níbí rí."

Òórùn ìgò yẹn padà sí ọ̀nà ọ̀fun mi. Mi ò mu nǹkankan, ṣùgbọ́n ó padà. Ìyá mi ń pè mí láti ẹ̀yìn, ó ń fi ohùn kékeré pè mí, "Ó yá, jẹ́ ká lọ, jẹ́ ká lọ." Mo gbé ife náà sílẹ̀. Mo ká aṣọ ìkélé sókè, mo sì gba iwájú.

Orí ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni. Wárápá ń ṣe mí, mò ń lo oògùn rẹ̀, kì í ranni. Èmi ni mo po búrẹ́dì yẹn."

Màmá ní, "Ìyàwó!" bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́.

Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn káfíńtà ju tirẹ̀ sórí káńtà, ó tutọ́ sílẹ̀, ó lọ. Ẹlòmíì tẹ̀lé e. Káfíńtà ṣíwọ́ jíjẹ. Ó ti jẹ tọwọ́ rẹ̀ kọjá ìdajì. Ó wo èyí tó kù. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo eyín mi tó kán, ó tún wo búrẹ́dì náà.

"Ìwọ lo pò ó?"

"Èmi ni, sà."

Ó tún ń jẹ ẹ́ lọ ní tirẹ̀. "Fún mi ní méjì sí i," ló wí bí ẹnu rẹ̀ ṣe kún.

Mo gbọ́ ìró lẹ́yìn mi, mo bojú wẹ̀yìn. Ọkọ mi ti gba ẹrù lórí ìyá mi. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó gbé e kọjá ní iwájú ìyá rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá wa. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó.

Màmá dúró síbẹ̀. Kò súnmọ́ káńtà, kò sì ní kí n kúrò. Mo di méjì káfíńtà sínú ọ̀rá. Mo mú èyí tí obìnrin yẹn jù sílẹ̀, mo gbọn fúláwà ara rẹ̀ nù, mo sì tà á fún ẹni tó kàn.